Igi Kajú Mọ́kànlá Lórí Odi

Mọ́kànlá ni wọ́n. Mbunde Na Lamba kò kà wọ́n mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ iye wọn. Bí ó bá ti gun orí odi láàárọ̀, láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí igbó ẹ̀gbà tí ń hù nínú omi iyọ̀, òjìji tútù á bọ́ lé e léjìká lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, oòrùn á sì gbà á láàárín wọn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń rìn ín bẹ́ẹ̀.

Lápá ọ̀tún, odò. Omi iyọ̀ tí ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Lápá òsì, ibi tí ó jẹ́ oko ìrẹsì nígbà kan rí. Báyìí, koríko pupa tí ewúrẹ́ kì í jẹ. Àti akàn.

Wanya bàbá rẹ̀ ló mọ odi náà. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n tó bí Mbunde. Wọ́n gé igi ẹ̀gbà, wọ́n fi kebinde bu amọ̀ odò: ṣọ́bìrì onígi tó gùn ju ènìyàn lọ, tí irin pẹlẹbẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Amọ̀ lé amọ̀, títí omi òkun kò fi rọ́nà wọlé mọ́. Wọ́n gbẹ́ inú ìtì ọ̀pẹ kan, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ odi kí ó jẹ́ ihò ìṣàn tí omi òjò á máa gbà jáde. Òjò ọdún méjì ló fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Lọ́dún kẹta, wọ́n gbin ìrẹsì. Ọdún kẹta náà ni wọ́n bí Mbunde. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé òun kò mọ èwo lòun kọ́kọ́ gbé relé, ọmọ ni tàbí ìtí ìrẹsì.

Títí tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò mọ bí ìrẹsì ṣọ́ọ̀bù ṣe ń rí lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni kajú dé. Kì í ṣe pé wọn kò mọ igi náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, àwọn ọmọdé ló ń jẹ èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà àwọn kan ti Bisau, olú ìlú, wá, wọ́n kó ọ̀gbìn kékeré sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ní ilẹ̀ òkèèrè ń wá kóró rẹ̀, wọn kò sì rí i tó. Gbogbo Kubumba, abúlé wọn, gbin kajú. Ilẹ̀ òkè tí Mbunde ní kò tó nǹkan. Nígbà tí ó gbìn ín tán, ọ̀gbìn mọ́kànlá ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Kò sí ilẹ̀ gíga mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀ àfi orí odi.

Ó gbìn wọ́n síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ odi náà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Odi á ní òjìji. Ẹni tó bá ń lé ẹyẹ á ríbi jókòó.”

Kò sẹ́ni tó pariwo. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí gbòǹgbò lè ṣe fún odi.

*

Ọdún dáadáa pọ̀ níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ọ́. Kílò kajú kan, kílò ìrẹsì kan. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù Bekay, ará Mọriténíà tí ó ti gbé ní Kubumba fún ogún ọdún, tí ó gbọ́ Balanta, èdè abúlé náà, ju ọmọ olóyè lọ. Ènìyàn á ṣa kóró lábẹ́ igi láìsí pé ó tẹ amọ̀, á gbé e lé kẹ̀kẹ́, á sì gbé ìrẹsì bọ̀. Ta ni yóò tún lọ dúró nínú amọ̀ dé orókùn? Páànù tó wà lórí ilé Mbunde, kajú ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kajú. Èso pupa rírọ̀ tí kóró náà rọ̀ mọ́ nídìí, ìyẹn ni Nyima ìyàwó rẹ̀ ń fún sí ọtí, ọtí yẹn ló sì rán Kinta ọmọ wọn lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bisau. Ní Kubumba, kóró ni ti ọkọ, ẹran èso ni ti ìyàwó. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ti ẹnìkejì.

Oko ìrẹsì wá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbin ìdajì. Wọ́n gbin ìdámẹ́rin. Lọ́dún kan omi iyọ̀ jò wọlé níbi igi kẹrin, Mbunde fi amọ̀ dí i, ó padà sílé. Lọ́dún kejì ó jò níbi méjì. Kò lọ wò ó.

Ọdún tí a ń sọ yìí ni owó kajú já wálẹ̀.

Oṣù kẹrin. Ó gbé àpò kan lé kẹ̀kẹ́, ó tì í dé ṣọ́ọ̀bù. Domíngas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àpò tirẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i gbé.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Kinta,” ni Bekay wí.

“Àárọ̀ náà nìyẹn. Mélòó ni lónìí?”

“Mẹ́ta.”

“Mẹ́ta kí ni?”

“Kílò kajú mẹ́ta, kílò ìrẹsì kan.”

“Méjì lo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti kọjá.”

“Bekay,” ni Domíngas wí, “ṣé kí n tú ìró mi lé e ni, kó lè tẹ̀wọ̀n?”

“Ìró yín ti gbó, Màmá. Kò ní wúwo.”

“Bàbá rẹ ló gbó.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bekay náà rẹ́rìn-ín. Mbunde kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló sọ pé mẹ́ta?”

“Ẹni tó wà ní Bisau ló sọ fún mi. Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi sọ fún un. Àwọn tó ń fọ́ kóró ní Íńdíà sọ fún ọlọ́kọ̀. Ẹni tó sọ fún àwọn yẹn ni n kò mọ̀.”

“Ta ló ń jẹ ẹ́ gan-an?”

“Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló ń fi mu bíà.”

“Áà,” ni Domíngas wí, “ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa mu ún dáadáa. Ṣé òùngbẹ ò gbẹ wọ́n lọ́dún yìí ni?”

Bekay fa àpò ìrẹsì kan yọ, ó tú u sínú agbada irin, ó wọn ti Mbunde. Àpò náà ṣófo. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó sì da kajú Mbunde sínú rẹ̀.

Àpò kan náà. Èyí tó gbé ìrẹsì ti ìlú ẹlòmíràn wá ló ń gbé kajú lọ. Ogún ọdún ni Mbunde ti ń rí i kò sì rí i. Ìrẹsì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un kò kún ìdajì igbá ńlá. Ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò láti ti kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún relé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló rán ènìyàn sí Fona.

*

Fona ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ọdún náà, géńdé gíga kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán níbi ìjàkadì. Àwọn ló ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ odi tàbí tún un ṣe, ẹni náà á sì fún wọn ní ẹlẹ́dẹ̀ kan, ìrẹsì àti ọtí. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn gbà. Ní Kubumba, ẹgbẹ́ tó mọ odi ni odi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ya, wọn kì í fi olóko ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń fi kọrin níbi ìjàkadì, títí àwọn ọmọ wọn á fi dàgbà. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ rin orí odi.

Fona rìn ín. Ó dúró níbi igi kẹrin. Ó ti kebinde bọlẹ̀. Ó lu gbòǹgbò, ó dún gbọ̀ǹgbọ̀n. Ó kúnlẹ̀. Ihò akàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò náà. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, dé èjìká. Nígbà tí ó fà á jáde, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó lá a.

“Bàbá Kinta.”

“Mò ń gbọ́.”

“Odi kọ́ lẹ ní yìí o. Ajere ni.”

“Bàbá mi ló mọ ọ́n.”

“Bàbá yín mọ odi. Ẹ̀yin gbin gbòǹgbò sínú rẹ̀. Èyí tó kú ti jẹrà, akàn ti gba ọ̀nà rẹ̀ wọlé, omi tẹ̀lé akàn.” Ó gbọn amọ̀ kúrò lọ́wọ́. “Ẹ gé wọn, a óò wá. Ẹ ò gé wọn, a ò ní í wá.”

“Kóró wà lórí wọn.”

“Mo rí i.”

“Jẹ́ kí n ká a tán.”

“Inú oṣù kẹfà lẹ óò ká a tán. Òjò á ti dé. Amọ̀ tí òjò bá ti nà kì í dúró. Ṣáájú omi oṣù tuntun tó ń bọ̀ yìí, tó máa ń kún jù, ni, tàbí kó di ẹ̀ẹ̀mìíràn.”

Mbunde ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mìíràn túmọ̀ sí. Igi orí odi ló ń so jù nínú gbogbo ohun tó ní. Ìdajì kajú ọdún wá láti ibẹ̀. Bí ó bá gé wọn tí ilẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò, kò ní kajú, kò ní ìrẹsì. Bí kò bá gé wọn, mẹ́ta á di mẹ́rin.

Ó lọ bá Nyima nídìí ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi ìtì igi gbẹ́, níbi tó ti ń tẹ èso. Ojú ìró rẹ̀ kún fún àbàwọ́n. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nyima kò dáwọ́ dúró.

“Ìdajì àwọn igi yẹn tèmi ni,” ni ó wí.

“Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe wá.”

“Kí lẹ máa fi dípò?”

“Oko á so fún gbogbo wa.”

“Gbogbo wa kọ́ là ń ta ọtí. Èmi nìkan ni mò ń tà á. Ọdún kan ló kù kí Kinta parí.”

“Kí lo fẹ́?”

Nígbà náà ló nàró. “Ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ihò ìṣàn, láti odi dé ibi òkúta funfun. Tèmi. Kì í ṣe tiwa.”

“Nyima, obìnrin kì í ní ilẹ̀ lábẹ́ odi.”

“Odi kì í ní igi lórí.”

Eṣinṣin ń kùn lórí èso tí wọ́n ti fún. Ẹnu ihò ìṣàn ni ilẹ̀ tó dára jù. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbìn.

“Ó di tìẹ,” ni ó wí.

“Níwájú Fona lẹ óò ti sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́ níwájú Fona. Fona wo obìnrin náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, “Ìyá Kinta, ṣé ẹ ò lè bá èmi náà ná ọjà pẹ̀lú ìyàwó mi?” Nyima ní ìyàwó rẹ̀ ni òun máa ràn lọ́wọ́. Ọtí èso ìkẹyìn tó wà lórí àwọn igi náà ni ó fi ṣe ti ọ̀wẹ̀.

*

Wọ́n gé àwọn igi náà. Igi kìíní, ìkejì, ìkẹta. Èso pupa àti èso ọsàn ń já bọ́ sínú odò, ẹja kéékèèké ń jẹ wọ́n. Wọ́n hú kùkùté, wọ́n tọ gbòǹgbò lẹ́yìn dé ibi tó bá dé, wọ́n fi amọ̀ tuntun dí i, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Amọ̀ ń fò láti ẹnu kebinde, ó ń balẹ̀ pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́. Ìrẹsì ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jẹ. Mẹ́ta sí ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n dé igi kọkànlá, ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí oṣù tuntun lé. Igi yẹn ló tóbi jù. Ìbòòji rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀,” ni Mbunde wí.

“Kí ló dé?”

“Ó jìnnà sí ihò ìṣàn. Ara odi ò ní ihò akàn níbí. Wò ó.”

Fona wò ó. Kò sí ihò akàn. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ gbogbo wọn.

“Ọrùn yín ló wà o.”

“Ọrùn mi ló wà.”

Wọ́n kó kebinde wọn, wọ́n lọ. Kajú tiwọn wà lókè tí ń já bọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ oṣù tuntun. Omi gun odi títí ó fi ku àtẹ́lẹwọ́ kan kó dé orí. Mbunde ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Odi dúró. Ibi igi kẹrin gbẹ. Ibi gbogbo gbẹ. Nyima wà lábẹ́ igi kọkànlá, ó ń ṣa kóró àti èso. Ó ti ṣà á kún àpò ìrẹsì méjì.

“Bàbá Kinta, ẹ wá wo èyí.”

Nínú oko, lẹ́yìn igi náà, omi ń hó wuyẹwuyẹ nínú amọ̀, bí ìkòkò ẹ̀wà. Kò tó igbá kan. Lẹ́yìn náà, ó tó igbá kan. Lẹ́yìn náà, amọ̀ tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ.

Mbunde kígbe sí àwọn tó wà ní oko òkè. Wọ́n jìnnà jù láti tètè dé. Ó bọ́ sínú odò títí dé àyà, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà. Ó rí i: gbòǹgbò kan tó nípọn bí itan, ó ti kú, inú rẹ̀ ti di ihò. Kì í ṣe akàn. Igi fúnra rẹ̀ ni. Ó bu amọ̀ sí i, omi gbà á. Ó tún bù, omi tún gbà á.

“Àpò!” ni ó wí. “Gbé àpò wá!”

Nyima wò wọ́n. Àpò méjì, ó kún dé ẹnu. Ìrẹsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọtí ọjọ́ ọjà kan. Ó da èkíní sínú odò. Ó da èkejì. Kóró rì, èso léfòó, wọ́n tò lọ lórí omi bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó fi ọwọ́ bu amọ̀ kún àpò, ó yí i lulẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Mbunde fi àyà tì í wọnú ihò. Omi fà á, ó há. Ìkejì há lé e lórí. Ó fẹ̀yìn tì wọ́n. Omi dé ọrùn rẹ̀. Nyima ń ju amọ̀ lu ibi tí ó bá rí.

Omi òkun kì í gbé ibì kan pẹ́. Nígbà tí Fona àti ẹni mẹ́fà sáré dé, ó ti ń fà sẹ́yìn, Mbunde sì ṣì wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àpò ìrẹsì méjì, ètè rẹ̀ funfun fún iyọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gé igi kọkànlá. Mbunde ló kọ́kọ́ fi àáké ṣá a. Fona ló gbé àáké lé e lọ́wọ́.

*

Òjò ọdún kìíní. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Mbunde ń lọ fi ìka bu omi oko lá. Ó korò fún iyọ̀. Nyima ń ṣí ihò ìṣàn nígbà tí odò bá fà, ó ń dí i nígbà tí odò bá kún. Wọ́n jẹ gbágùúdá. Kinta padà sílé fún oṣù mẹ́rin, ó sọ pé ilé tóun ń gbé ní Bisau ń jò ni, pé òjò ló lé òun jáde. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́; gbogbo wọn mọ̀ pé owó ọtí ló ti tán. Ó wà nínú oko pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọjà kajú gòkè. Kílò kan, kílò kan. Bíi ti àtijọ́.

Domíngas dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìrẹsì lórí. “Àbúrò mi! Wọ́n ti ń mu bíà padà o!”

“Mo gbọ́.”

“Igi mọ́kànlá! Ìbá tó àpò mélòó báyìí?”

“N kò mọ̀.”

“O mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Ó mọ̀ ọ́n. Àpò mẹ́rìnlá ni. Igi rẹ̀ ti òkè so, ó ká a, ó gbé e lọ fún Bekay, ó gba ìrẹsì bíi ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ní kí ó tún gbin òmíràn, ó ní ilẹ̀ òkè òun ti kún.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ló bu omi lá lẹ́nu ihò ìṣàn, ó sì tún bù ú. Ó pe Nyima. Nyima lá a. Kò sí iyọ̀. Ní gbogbo ibòmíràn, ó ṣì ń ta ahọ́n. Àfi ibẹ̀, láti odi dé ibi òkúta funfun, ibi tí omi ti fọ ilẹ̀ jù. Ilẹ̀ Nyima.

Agbọ̀n irúgbìn ìrẹsì kan péré ni wọ́n rí tọrọ, ní abúlé ìkejì, lọ́wọ́ arúgbó kan tí kò fi ìgbà kan gbin kajú rí nítorí ẹ̀yìn tí ń dùn ún. Nyima àti Kinta, tó wá fún ìsinmi, ló lọ́ ọ. Mbunde bá wọn fi kebinde kọ ebè. Nígbà tó ṣe é tán, Nyima ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó gba ọtí díẹ̀, nítorí inú oko ẹlòmíràn ló ti ṣiṣẹ́. Ó gbà á. Ó mu ún.

Oṣù kejìlá, agbọ̀n mẹ́sàn-án. Nyima sá a síwájú ilé, lórí ẹní. Bekay gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò gbo èèpo kúrò, ó fi hóró funfun sẹ́nu.

“Ìyá Kinta, ó pẹ́ tí mo ti jẹ irú èyí. Ẹ tà á fún mi. Kílò kajú mélòó?”

Nyima wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ń fi òkúta pọ́n irin kebinde. Mbunde kò gbójú sókè.

“Ẹ má wo èmi,” ni ó wí. “Èmi kọ́ ni mo ni ín.”

“N kò fẹ́ kajú,” ni Nyima wí. Ó fi ẹsẹ̀ tú ìrẹsì náà ká lórí ẹní, kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Lọ mú nǹkan mìíràn wá.”